Uṣu Tó Jẹrà Lọ́sẹ̀ Tí A Ò Gbọ́dọ̀ Sọ̀rọ̀ Òdì

Wọ́n tún ní kí n lọ bẹ màmá mi. Kí n bẹ̀ wọ́n pé kí ni? Pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, mo lójú méjì, mo sì fi wo nǹkan? Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni o.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn àna ń bọ̀ láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wá mọ̀ wá nílé ní Ìlúpéjú, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìgbà kẹta rèé tí ọkùnrin máa ní òun ń mú àwọn èèyàn òun bọ̀ wá wò ó. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò dé. Ìdí nìyẹn tí màmá mi fi ṣòfin lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ òdì nínú ulé títí àwọn àna á fi wá tí wọ́n á fi lọ. "Kò sí", rárá. "Ó ti bàjẹ́", rárá. "Ẹ̀rù ń bà mí", "ó sú mi", "kò lè ṣeé ṣe", gbogbo ẹ̀ di èèwọ̀.

Mo rò pé eré ni. Orúnkún ń dun bàbá mi, wọ́n ní orúnkún àwọn ń gba ìwòsàn, wọ́n wá ń fi ọ̀pá gbé ìwòsàn yẹn káàkiri àgbàlá. Ewúrẹ́ fọ́ ìkòkò, àǹtí wa kan ní ìkòkò ti parí uṣẹ́ ẹ̀ láyọ̀. Tẹ́nì kan bá bi wá pé ṣé iná wà, a ó ní iná ń bọ̀ lọ́nà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń bọ̀ lọ́nà. Èmi tí mo ní iná ò sí, màmá mi ní kí n gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi ṣe bí ẹni tó gbé nǹkan mì.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, mo wọ yàrá tí a kó uṣu sí. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo fi ìka tẹ uṣu kan, ìka wọlé dé ìdí. Uṣu mẹ́rin péré ló dáa lókè, a sì ń retí ogójì èèyàn. Ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni wọ́n o. Ẹni tó bá gbé iyán tó korò fún wọn, kó yáa mú ọmọ ẹ̀ padà wọ yàrá.

Mo ní, "Màmá, uṣu ti jẹrà."

Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. "Kò jẹrà lórúkọ Jésù."

Mo ní kí n gun ọ̀kadà lọ ra òmíràn. Wọ́n ní tí a bá rà á, a ti gbà pé ó jẹrà nìyẹn. Wọ́n rán ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ wò ó. Bàbá àgbà wọlé, wọ́n jáde, wọ́n fi fìlà bo imú, wọ́n ní uṣu ń sinmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá iwájú wá gbẹ́nu sí i. Ó ní sínííkì ni mí. Mo ní èébú wo nìyẹn? Ó ní ẹni tó gbà pé kò sẹ́ni tó ń ṣe rere dénú ni, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bu omi fún un, á ní kí lẹ fi sí i. Orí mi gbóná. Mi ò kàwé bíi tiẹ̀, orí fóònù ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìyàtọ̀. Mo fi ariwo ṣàlàyé fún un. Oníyèméjì ò tíì mọ èyí tó máa gbà. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì ò tiẹ̀ ní dìde lọ wo uṣu. Sínííkì tiẹ̀ yẹn, òun á ní màmá mi mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fi oúnjẹ burúkú gba àlejò ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Màmá mi fẹ́ kó dáa débi pé wọn ò lè wò ó. Èmi fọwọ́ kàn án ni. Kí lorúkọ ẹni tó fọwọ́ kàn án? Ó ní òun á wádìí. Kò tíì wádìí dòní.

Nígbà tó di Furaidé, ẹ̀gbọ́n mi bá mi lẹ́yìn ulé, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé lóòótọ́ ni. Mo ní lóòótọ́ ni. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní kí n ṣáà dákẹ́, kí àwọn wọ̀nyí má bàa tún sá. Mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àna dé, gbogbo wọn. A kí wọn, a gbàdúrà, a kọrin. Aago méjì lù, a tún kọrin. Lẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin ń bẹ uṣu, wọ́n ń jù ú nù, wọ́n ní èyí náà ń sinmi. Ẹnì kan á sáré wá sọ pé iyán ń bọ̀ lọ́nà. Èmi ni mo ń pín omi. Ìyá àgbà tó ṣáájú àwọn àna dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, ebi ń pa mí. Ṣé iyán wà ni, àbí kò sí?"

Gbogbo ulé wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

Mo ní, "Ìyá, kò sí. Uṣu wa ti jẹrà láti Tọ́sìdè."

Ìyá àgbà wá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí wọn. Wọ́n ní ṣé torí uṣu la ṣe ń fi orin bọ́ àwọn láti àárọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin wọn lọ kó uṣu tó wà nínú búùtù ọkọ̀, tí wọ́n kó wá fún wa lẹ́bùn. Uṣu àna la gún fún àna. Wọ́n jẹ, wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n lọ.

Ọkọ̀ wọn ò tíì dé títì tí màmá mi fi ní uṣu yẹn dáa kí n tó sọ pé ó jẹrà, ẹnu mi ló bà á jẹ́. Bàbá àgbà tó fi fìlà bo imú náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní mo ṣèlérí. Tiẹ̀ nìkan ló dùn mí, torí mo ṣèlérí lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ìyá arúgbó tí ebi ń pa di ọwọ́ yín mú, ó bi yín pé ṣé ó wà àbí kò sí. Ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?