Ẹni Tó Sùn Lóko Ápù

Àlàájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n bá wa gbé ní Jẹ́dà, kì í jẹ ápù láì kọ́kọ́ là á wo kóró inú rẹ̀, bóyá ó ti dúdú. Bó bá funfun, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Wọn ò jẹ́ kó gbó."

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi fi èdè Lárúbáwá bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ láti máa wo kóró ápù. Wọ́n fi Yorùbá dáhùn: "Oko ápù ni mo ti ṣiṣẹ́ nílùú òtútù. Nígbà tí igi tanná, èmi ló yẹ kí n ṣọ́ iná tí wọ́n dá sáàárín wọn lóru kí ìrì dídì má bàa pa òdòdó. Àárẹ̀ mú mi, mo sùn lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo òdòdó ti dúdú. Olóko ò bú mi. Ó bu tíì fún mi, ó ní kí n lọ sinmi."

Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Mi ò tíì sinmi láti ọjọ́ náà."