Iyán Àna àti Kẹ̀kẹ́ Abìyẹ́

Bí Hezekiah Láoyè bá fẹ́ mọ bí ara òun ṣe wúwo tó, ìsọ̀ Sàníù tó ń ra kòkó ní Olódò ló ń lọ. Yóò bọ́ bàtà, yóò gun orí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó, yóò sì dúró ṣánṣán. Sàníù yóò wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, ẹ̀rín á pa á. "Tísà, ẹ tún ti lé sí i o! Ká ní kòkó ni yín, ǹ bá ti rà yín." Láoyè yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Inú a máa bí i débi pé kì í rántí dágbére.

Olùkọ́ ni, iṣẹ́ irin ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní ọdún 1964 tí à ń wí yìí, nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí kẹ̀kẹ́ abìyẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbé e kúrò nílẹ̀, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ náà ní, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ìjókòó ẹnì kan ló wà láàárín. Ẹ̀rọ alùpùpù wà lẹ́yìn ìjókòó, òun ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tí ó fi igi ọmọ̀ gbẹ́. Aṣọ agboòrùn tí wọ́n rán pọ̀ ni ìyẹ́ rẹ̀ lókè. Ẹni tó bá jókòó ni yóò máa fi ìwúwo ara rẹ̀ darí rẹ̀. Bó bá fì sọ́tùn-ún, á yà sọ́tùn-ún. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Àpọ́n tínrín ni Láoyè nígbà tó ya àwòrán rẹ̀, ara àpọ́n yẹn ló sì fi ṣírò bí ìyẹ́ yóò ṣe fẹ̀ tó. Kí ìyẹ́ tó parí, ó ti gbé Àpèkẹ́ níyàwó, wọ́n ti bí Wándé, Láoyè sì ti yọ ikùn, ó ti wúwo ju ohun tí ìyẹ́ lè gbé lọ.

Ó lu irin níhò kí ó lè fúyẹ́. Ó yọ tìmùtìmù ìjókòó, ó fi okùn hun òmíràn. Kò tó. Irú aṣọ tó fi ṣe ìyẹ́ ò sì sí lọ́jà mọ́. Ó wá ku kí òun fúnra rẹ̀ rù. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Láoyè tí iṣu kún ilé rẹ̀ wá sọ ẹ̀kọ di oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ta ní í jẹ́ kí ọkùnrin tó níyàwó rù ní àlàáfíà? Ara ọkọ ni aráyé fi ń mọ ọwọ́ ìyàwó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àpèkẹ́ ní ìwòkuwò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ní ahun ni. Òmíràn ní ọbẹ̀ rẹ̀ ni kò dùn.

"Bàbá Wándé, ẹ̀yin lẹ̀ ń rù, èmi ni wọ́n ń bú," ni Àpèkẹ́ wí.

"Sọ fún wọn pé mo fẹ́ fò ni."

"Mo ti sọ. Wọ́n ní ebi ló ń dà yín lórí rú."

Ọ̀rọ̀ náà dé Akanran, ó dé etí ìyá Àpèkẹ́. Ìyá di ẹrù, ó di Olódò. Ó gúnyán, ó fi ẹran ìgbẹ́ se ẹ̀gúsí, ó gbé e síwájú ọkọ ọmọ rẹ̀, ó fa àpótí, ó jókòó tì í.

"Ẹ jẹun, ọkọ mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní ọmọ mi ò tọ́jú yín."

Ta ni yóò kọ oúnjẹ àna lójú àna? Láoyè jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú, ó sì dùn, èyí ló tún bí i nínú jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́ títí ìyá fi padà sílé. Nígbà tí Láoyè tún gun òṣùwọ̀n, ńṣe ni Sàníù pe àwọn aláàárù wá wò ó.

Ní Sátidé kan, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé pápá ìṣeré ilé-ìwé, Àpèkẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ bú, kẹ̀kẹ́ sáré, aṣọ wú. Ẹsẹ̀ iwájú gbéra, ó tún jókòó. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, pàbó ló já sí. Láoyè sọ̀kalẹ̀, ó gbá táyà nípàá. Ayé sú u.

"Ẹ̀rọ yìí ni kò fa dáadáa," ó ń tan ara rẹ̀. "Àpèkẹ́, wá jókòó. Di irin tó ń mú ẹ̀rọ sáré yìí mú, jẹ́ kó sáré, kí n dúró níbí gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, jọ̀wọ́ rẹ̀."

Àpèkẹ́ fún ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó jókòó. Kẹ̀kẹ́ sáré. Kò tíì dé àárín pápá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kúrò nílẹ̀. Ó ga tó igi ẹ̀gẹ́, ó ga jù ú lọ, igbe Àpèkẹ́ gba gbogbo pápá. Ó jọ̀wọ́ ohun tó dì mú, kẹ̀kẹ́ rọra wá sílẹ̀, ó balẹ̀ gbì, ó dúró.

Láoyè sáré lọ bá a, ó ń pariwo, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìlara. Ó fò! Ohun tí òun ti ń làágùn lé lórí láti ọjọ́ yìí, ó fò, òun kọ́ ló sì gbé! Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyàwó rẹ̀ láti gbé e sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Egungun ló bà. Búbà ń mì lára Àpèkẹ́ bí èyí tí wọ́n sá sórí okùn.

"Ìgbà wo lo rù báyìí?"

"Ìgbà tí ẹ ń gun òṣùwọ̀n ni," Àpèkẹ́ dáhùn. "Bí mo bá bu òkèlè, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo ń gbọ́. Kì í lọ lọ́fun mi."

Láoyè rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé gbọ́ tí odó ń dún. Tísà ló di ọmọ odó mú, òógùn bò ó. Ó gbé iyán síwájú Àpèkẹ́, ó fa àpótí, ó jókòó tì í.

"Bí mo bá jẹ èyí, kò ní lè gbé èmi náà mọ́ o," ni Àpèkẹ́ wí.

"Kó má gbé ọ," ni Láoyè wí, ó sì tún bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀.