Ìdọ̀bálẹ̀ Ọmọ Mi

Bí ẹ bá ń wá ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ tinú tẹ̀yìn, ẹ má wá a lọ jìnnà. Èmi nìyí. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Onitsha. Tí mo bá wo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá sọ fún un pé ìbàdí rẹ̀ ti fẹ̀ sí i láti Kérésì tó kọjá. Ọmọ tèmi wá ń wọlé, ó ń jáde lójú mi fún oṣù mẹ́rin gbáko, ẹ̀kọ́ ilé nìkan ni mo rí lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ibí la bí ọmọkùnrin náà sí. Ìgbò ló fi ń ṣeré, Pidgin ló fi ń jà, Yorùbá ló fi ń tọrọ oúnjẹ. Tó bá jí láàárọ̀, yóò dúró ṣánṣán níwájú mi, ọwọ́ kan nínú àpò, yóò ní, "Mummy, good morning." Bàbá rẹ̀, tí báńkì ti gbé kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí Kàdúná, a máa sọ lórí fóònù pé èmi ni mo bà á jẹ́. Tí a bá lọ sílé, àwọn ẹbí á wò ó lókè, wọ́n á wò ó nílẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ Onitsha ti dé." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi kì í dùn rárá.

Nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ń retí yunifásítì, ó lọ ń bá ọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ǹtì àti páànù ṣiṣẹ́ ní Ogidi. Kò pé oṣù méjì tí iṣẹ́ ìyanu fi ṣẹlẹ̀. Ó jáde láti yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó nà gbalaja níwájú mi, àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà." Ife tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kì í gbé ojú sókè títí màá fi ní kó dìde, tó bá sì dìde, ilẹ̀ ni yóò máa wò títí tó fi máa jáde.

Àwa Yorùbá la máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwa kan náà la tún kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú. Mi ò rí i pé nǹkan kan wà ńbẹ̀. Ọmọ mi ti gba ẹ̀kọ́, ó parí.

Kì í ṣe pé mi ò rí nǹkan mìíràn o. Ojú mi ò fọ́. Mo rí i pé ó ń sùn lórí àga pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ símẹ́ǹtì le. Mo rí i pé ó ń họ ara ṣáá. Mo ní ooru Onitsha ni, mo ra páúdà fún un. Ó rù; mo ní gíga ló ń ga. Mo bá ìgò òògùn ikọ́ mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọmọ tí mi ò gbọ́ kó wúkọ́ láti ìgbà òjò. Mo ní ó ń múra sílẹ̀ de ọyẹ́. Bí wọ́n bá ń fúnni níwèé ẹ̀rí nínú wíwá àwíjàre fún ọmọ ẹni, mi ò bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Obìnrin Ìgbò kan wà tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ó ń ta òògùn òyìnbó ní ọjà Bridge Head. Òun ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

"Mama Tailor, biko, you don look your pikin eye?"

Mo ní, "Nne, our pikin no dey look elder for face. Na respect."

Ó ní, "Respect no dey make person sleep for inside keke. Look the eye."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé, mo sì bínú. Mo sọ fún ara mi pé ìlara ló ń ṣe é, torí àwọn ọmọ tirẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀ kí i. Ẹ ò rí ọgbọ́n orí mi.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ọmọ mi jáde, ó dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Kíkí náà kò já geere lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ìyẹn? Orí mi wú. Mo ní òní ni màá ki ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń kini nílé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì. Mo ki ìdílé bàbá rẹ̀ láti orí bàbá ńlá wọn. Kò dìde. Mo ní ó ń dùn mọ́ ọn ni. Mo bọ́ sí ìdílé tèmi, mo rántí ohun tí mi ò rántí láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kò mira. Mo rò pé oríkì ti wọ̀ ọ́ lára. Omi lé ròrò sójú mi, mo tún fi ti ìyá ìyá mi kún un.

Ohùn mi ló mú obìnrin olóògùn náà yọjú. Kò kí mi. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ náà, ó yí i padà. Ètè rẹ̀ ti ṣú, èémí rẹ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń bọ̀ kò sì dá mi lójú. Ó fi ìka ká ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó ní kí n wá wò. Dúdú inú ẹyinjú ọmọ mi kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Láti oṣù mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo ojú yẹn nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún.

"Call keke," ló wí. Òun gbé e lórí, èmi gbé e lẹ́sẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ èémí sí i nímú. Nígbà tó jí lọ́sàn-án, ó sọ fún dókítà pé ẹ̀yìn ló ń dun òun nídìí símẹ́ǹtì, pé àwọn tí àwọn jọ ń gbẹ́rù ló fún òun ní tramadol ẹyọ kan. Ó di méjì, òògùn ikọ́ tún kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ò kà á mọ́. Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi.

"Madam, you no notice anything?"

Kí ni kí n wí? Pé mo ṣàkíyèsí pé ó ti di ọmọlúàbí?

Nígbà tó ku àwa méjèèjì, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi pariwo, kó pè mí, nígbà tó rí i pé ara òun ń lọ.

"Mummy, I dey hear you," ló rọra wí. "Mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ dìde, ara mi ò gbà. Mo wá ń dúró kẹ́ ẹ parí, kẹ́ ẹ lè wò mí."

Oríkì ìdílé wa gùn. Mi ò sì fo ìlà kankan.