Bàbá Dúpẹ́ àti Ẹ̀kọ́ Tó Yá Jù

Ohun tó ń sú mi jù lẹ́nu iṣẹ́ olùdámọ̀ràn tí mo ń ṣe nílé ìwé girama kan ní Kàbà ni àwọn òbí tí wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó wá gba ìmọ̀ràn. Bàbá Dúpẹ́, ọmọ Ògìdì tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wà lára wọn. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ saikólọ́jì ní yunifásítì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Oríṣi méjì ló wà níwájú rẹ̀: èyí tó kárí gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, àti èyí tó dá lórí lílo ìmọ̀ ọ̀hún nílé ìwé, níbi iṣẹ́ àti nílé ìwòsàn.

“Ti ilé ìwòsàn la fẹ́,” ni bàbá wí kó tó jókòó.

“Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀, sà.”

“Ohun tí bàbá mi sọ náà ni, mà,” ni Dúpẹ́ fèsì.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní èyíkéyìí tó bá kà, oyè àkọ́kọ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Ó ṣì máa kàwé sí i, á sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà. Bàbá Dúpẹ́ mi orí bíi pé ó yé e. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún dé, ó tún béèrè: èwo ló yá jù?

“Bàbá, kí lẹ ń sáré fún?”

Dúpẹ́ ló sọ̀rọ̀, ó dojú bolẹ̀. “Nítorí bùọ̀dá mi ni, mà. Láti ìgbà tó ti dé láti Lọ́kọ́ja, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Inú yàrá ló ń wà. Bàbá mi ní tí mo bá kàwé tán, èmi ni màá tọ́jú ẹ̀.”

Sùúrù mi tán pátápátá. “Ṣé kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sínú yàrá títí àbúrò rẹ̀ fi máa gboyè ni? Ṣé kò sí ilé ìwòsàn ni?”

“Wọ́n á ní ọmọ mi ya wèrè,” ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ gbé e lọ.”

Ó fi ìbínú jáde. Àmọ́ ó gbé e lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Dúpẹ́ wá sọ fún mi pé èyí tó kárí gbogbo ẹ̀ka lòun mú. “Bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè ni mo fẹ́ mọ̀, mà. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ò wù mí rí.”

Inú tún fẹ́ bí mi. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe nípa iṣẹ́ ilé ìwòsàn ńkọ́? Ìgbà náà ni mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó gbá báàgì Dúpẹ́ mọ́ àyà. Mo mọ̀ pé bùọ̀dá rẹ̀ ni. Ó wò mí. Ètè rẹ̀ mì fún ìgbà díẹ̀ kí ohùn tó jáde.

“Okun, mà,” ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ògìdì.

Mo fa àga fún un.