Bí Kaka Ṣe Ń Pe Ẹ̀pà

Atẹ ló kọ́kọ́ ṣubú. Ẹ̀pà tí Kaka ń fẹ́ lọ́wọ́ fọ́n ká gbogbo àgbàlá, èèpo rẹ̀ ń fò lẹ́lẹ́ nínú oòrùn, ṣùgbọ́n Kaka kò wẹ̀yìn. Kí n tó yíjú, wọ́n ti dé orí ẹní tí àbúrò mi jókòó sí, wọ́n ti di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ọwọ́ ni wọ́n dì mú, kì í ṣe ẹnu, nítorí ọwọ́ náà kò tíì dé ẹnu. Wọ́n ń ṣí àwọn ìka kéékèèké yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Sànnú, ọkọ mi. Fún mi. Fún Kaka," títí hóró ẹ̀pà kan ṣoṣo fi jábọ́ sórí ẹní.

Àbúrò mi fi igbe ta. Kaka kò gbé e. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀pà tó dà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n. Mi ò rí àgbàlagbà tó gbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá nítorí ẹ̀pà, ohun tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń tà á.

Agboolé kan náà la jọ ń gbé ní Gàmbàrí, lẹ́yìn mọ́sálásí. Wọn kì í ṣe ìyá àgbà wa. Láti ilẹ̀ Hausa lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbé wọn wá ní ìyàwó, ọkọ wọn kú, wọ́n sì jókòó ti ilé ọkọ. Kaka la ń pè wọ́n, bí àwọn ará ilé wọn ṣe ń pe ìyá àgbà. Kúlíkúlí ni iṣẹ́ wọn. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, a máa gbọ́ yanrìn gbígbóná tó ń dún wàràwàrà nínú agbada bí Kaka ṣe ń yan ẹ̀pà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọwọ́ ra èèpo rẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ lórí atẹ, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á fún òróró rẹ̀, wọ́n á sì wá fi òróró yẹn kan náà din kúlíkúlí. Òórùn ẹ̀pà yíyan wọ híjáàbù mi débi pé àfáà wa nílé kéú a máa béèrè bóyá mo mú díẹ̀ bọ̀ fún wọn.

Kaka gbọ́ Yorùbá dáadáa, kódà wọ́n ń fi í bú wa. Ohùn ló máa ń tú wọn fó. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ bí nǹkan bá ti kọjá àtúnṣe: ẹ̀pa ò bóró mọ́, pé oògùn tó yẹ kó pa oró kò ká a mọ́. Kaka fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń gbé ìparí ẹ̀pa yẹn sókè. Wọ́n á fà á lulẹ̀, á di ẹ̀pà tí wọ́n ń tà. Bí kẹ̀kẹ́ bá fi wọ́n sílẹ̀ lọ, "Ẹ̀pà ò bóró mọ́." Bí ẹ̀kọ́ bá jóná lórí iná, "Ẹ̀pà ò bóró mọ́." Àwa ọmọdé á bẹ̀rẹ̀: "Kaka, ẹ̀pà wo? Ti inú atẹ ni àbí ti inú àpò?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ kúlíkúlí tó ti fọ́ lù wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí atẹ ṣubú yẹn, Màámi ti Ọjà-Ọba dé, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kaka ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ tinú wọn.

"Kaka, ẹ ṣé. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ̀pà dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí mọ́. Ì báà jẹ́ hóró, ì báà jẹ́ lílọ̀, mi ò fẹ́."

Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ẹ̀rù ẹ̀pà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ba Màámi. Ara àbúrò mi a máa yún un, kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ̀ a sì máa pọ́n. Àwọn ìyá bàbá mi tún ti sọ pé ẹ̀pà ń fa ikọ́ fún ọmọdé. Ọmọ náà ti ń jẹ ògì, ó ti ń jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n gún, ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀. Màámi ní oúnjẹ kò tán láyé, ta ló wá rán àwọn níṣẹ́ ẹ̀pà.

Kaka kò jiyàn. Wọ́n ní, "To," bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dáa, wọ́n sì kó atẹ àti agbada wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí kò sí ìbòòji. Ó dùn mí. Àgbàlá wa dákẹ́ láàárọ̀, mo sì máa ń rí Kaka lókèèrè tí wọ́n ń fẹ́ ẹ̀pà nínú oòrùn, tí wọ́n yíjú sí ògiri kí èèpo má bàa fò wá sọ́dọ̀ wa.

Nígbà tó yá, lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ kan, Kaka wá bá Màámi lọ́dẹ̀dẹ̀. Màámi ń ṣa ẹ̀wà, àbúrò mi wà lẹ́yìn wọn, èmi ń bá wọn mú òkúta kúrò.

"Ìyàwó mi," Kaka ní, "òfin rẹ dáa. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló dáa."

Màámi ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Èmi náà ṣe irú ẹ̀ rí. Àkọ́bí mi gbé hóró ẹ̀pà sẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ẹ̀pà bá há a lọ́nà èémí. A gbé e, a sáré. Ìgbà tí a máa dé ọsibítù, ẹ̀pà ò bóró mọ́."

Mo ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí a máa ń ṣe nìyẹn tí Kaka bá ti wí bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń wí náà ni wọ́n tún ń wí. Ojú Màámi ni mo wò tí ẹ̀rín náà fi padà sí mi nínú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀pà gan-an ni Kaka ń wí.

"Nígbà tí mo bí èkejì," wọ́n ń bá a lọ, "mo lé ẹ̀pà jìnnà sí i. Kò fẹnu kàn án títí tó fi ń sáré kiri. Wọ́n wá fún un ní kúlíkúlí díẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ dí, èémí ń ṣòro fún un. Ọsibítù ló wà nítòsí, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Mo máa ń rò ó pé bóyá bí mo bá ti jẹ́ kí ara rẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n ni, kì bá má rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ni mo wí o. Ọlọ́run ló mọ̀."

A mọ ọmọ Kaka yẹn. Ọ̀nà Challenge ló ń gbé. Bí ó bá ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀, á kọ́kọ́ ránṣẹ́. Kaka á pa iná, wọ́n á gbá àgbàlá, wọ́n á fọ agbada, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni obìnrin náà máa ń dúró sí. Àwa ọmọdé rò pé ìgbéraga ni.

"Mo sá fún hóró," Kaka ní, "mo wá sá fún ẹ̀pà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, hóró ló ṣẹ̀ mí."

Màámi gbé ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n ń sunkún. Kaka kò sunkún ní tiwọn. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ àbúrò mi tó yọ lábẹ́ ọ̀já.

Àwọn méjèèjì ló jọ gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn, láti béèrè bóyá ó lè jẹ ẹ̀pà lílọ̀. Nọ́ọ̀sì wo ara ọmọ náà, ó ní yíyún ara rẹ̀ kò le, wọ́n lè fún un ní díẹ̀. Ó ní ká ní ara rẹ̀ bó yánnayànna ni, tàbí pé oúnjẹ kan ti mú un wú rí, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n dán an wò nílé. Dókítà ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti hóró, ó ní kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ títí á fi tó ọmọ ọdún márùn-ún. Kaka mi orí bí ẹni tí wọ́n dá láre.

Kaka kò dá iná láti yan ẹ̀pà títà ní àárọ̀ tí a máa fún un. Ìwọ̀nba ẹ̀pà yíyan kan ni wọ́n ṣà, tí wọ́n tún un ṣà, tí wọ́n ju gbogbo èyí tó ti bu dànù. Wọ́n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí ó fi kúnná tó ń dán, wọn kò fi iyọ̀ sí i, wọn kò fi ata sí i. Wọ́n bu díẹ̀ sínú ògì, wọ́n rò ó títí ó fi ń ṣàn lórí ṣíbí, torí wọ́n ní ẹ̀pà lílọ̀ tó bá ki a máa lẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́fun. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ àárọ̀.

"Ohun tí ara ọmọ bá fẹ́ sọ, ojúmọmọ ni kó sọ ọ́," Kaka ní. "Bó bá di ìgbà tí gbogbo ilé ti sùn, ta ló máa gbọ́?"

Wọ́n ti bẹ bàbá onítakisí ilé kejì pé kí wọ́n má tíì jáde. Màámi fi etí ṣíbí kan àbúrò mi lẹ́nu. Ó lá a. Ó wo Màámi, ó wo Kaka, ó sì na ọwọ́ sí ṣíbí. Wọn kò tètè fún un ní òmíràn. A jókòó, a ń wo ètè rẹ̀, a ń wo ikùn rẹ̀, a ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Àwọn ọmọ kéú ń ka tiwọn lọ lọ́hùn-ún. Ọmọ náà bínú, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹní. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ tí a kò rí nǹkan kan, wọ́n fún un ní ìyókù ṣíbí náà, a tún jókòó. Àkókò ìyálẹ̀ta dé, ó kọjá, kò sí ohun tó ṣe é. Eré ló ń ṣe.

"Ẹ̀pà bóró," Kaka wí.

Màámi nu ojú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀pa ni, Kaka."

"Ẹ̀pà ni mo wí." Kaka fi etí ìborùn bojú, wọ́n sì sunkún tí wọn kò sun lọ́jọ́sí, wọ́n sun ún tẹ́rùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbé atẹ wọn padà sí àgbàlá, ọ̀sẹ̀ kì í sì í lọ kí ẹ̀pà má wọ inú ògì àbúrò mi. Kaka ní ara ọmọ a máa gbàgbé, ẹ máa rán an létí.

Kaka ti kú. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ọmọ wọn wọlé láì ránṣẹ́. Agbada ti tutù, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó rìn dé ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó sì jókòó síbẹ̀.

Èmi náà ti bímọ báyìí. Ọmọ mi ti ń jẹ ògì, ara rẹ̀ dán, nọ́ọ̀sì sì ti ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń wádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti rí i pé títètè jẹ́ kí ọmọ mọ ẹ̀pà a máa dáàbò bo ọ̀pọ̀ wọn. Mo ronú kan Kaka àti bóyá tí wọ́n wí. Ọkọ mi ló ń bẹ̀rù, ó ti wo oríṣiríṣi nǹkan lórí fóònù. Mi ò bá a jà, nítorí ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àárọ̀ òní ni mo lọ ẹ̀pà, mo pò ó kó ṣàn, mo fi etí ṣíbí kan ọmọ mi lẹ́nu, a sì jókòó tì í, ọkọ mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ìyálẹ̀ta kọjá. Ọmọ mi ń fi ọwọ́ gbá ẹní, ó ń béèrè sí i.

Mo gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ẹni tí kì í rìn láìsí kúlíkúlí nínú àpò. Mo ní, "Ẹ̀pa bóró."

Kò pẹ́ tó fi dáhùn. Kò rántí ògì yẹn, kò rántí ẹní yẹn, ṣùgbọ́n ohùn Kaka wà lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á lulẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ̀pà ni."