Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ọ̀tún Mi Tò Sẹ́yìn Àgbà

Ìwé ẹrù ni mo ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ táìpù fún àwọn ejẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní wáàfù, ní Creek Road, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ ọ̀tún mi kọ́kọ́ ń kú. Nígbà tó yá, ó ń ta mí, àtàǹpàkò mi kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Dókítà kan ní Ajégúnlẹ̀ sọ pé iṣan ló há sí ọrùn ọwọ́, kí n má fi falẹ̀ rárá. Ó kọ ìwé fún mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Kí n má falẹ̀, àbí? Wọ́n dà wá pọ̀ mọ́ àwọn tó dá lẹ́sẹ̀ àti àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, dókítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi káàdì sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí. Mo máa ń tètè débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé. Bí bàbá kan tó ti fi ẹ̀yìn pọn àpò ní wáàfù títí tó fi tẹ̀ bá dé, màá dìde, màá ní kí wọ́n fi káàdì tiwọn ṣáájú tèmi. Lẹ́yìn wọn, ìyá kan. Wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Kó tó kàn mí, dókítà á ti lọ, wọ́n á ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ọkọ mi ń wa tírélà. Ó ní ní wáàfù Tin Can, ọjọ́ mẹ́ta làwọn ń sùn sórí ìlà, kò sẹ́ni tó ń yọ̀ǹda ààyè rẹ̀. Mo ní ilé ìwòsàn kì í ṣe wáàfù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gba àdúrà lẹ́nu àwọn àgbà. Ó sú mi, ó sú mi dé ọ̀run, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan ló yí ètò náà padà. Kò wo ẹni tó ṣáájú, kò wo irun funfun. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń sọ pé kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan ìka ọmọńdinrín. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, ọjọ́ náà ló máa rí dókítà. Àwọn àgbà ń kùn pé kò lẹ́kọ̀ọ́, ó pè mí síwájú. Àtàǹpàkò tèmi kò débẹ̀.

Dókítà tẹ ìdí àtàǹpàkò mi, ibi tí ẹran ti gbẹ. Ó ní iṣẹ́ abẹ máa pa ìrora, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ náà kò ní padà mọ́. Ó wá bi mí, bí ẹni ń bá ọmọ wí:

"Kí lẹ ń ṣe látọjọ́ yìí tẹ́ ò fi wá?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín ni mo wà, sà. Mò ń dìde fún àgbà."