Abẹ́ Páànù Bàbá Mi

Ìyá mi ní kí n lọ tú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi lónìí.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Mọ́tò ìjàpá mi ń jo ọ́ìlì, òjò sì ti ṣú ní Akínyẹlé. Mo ń wá ibi tó ní òrùlé nínú ọgbà wa. Ilé ìdáná kọ́, iná àti epo bẹntiróò kì í ṣọ̀rẹ́. Abẹ́ páànù tí sàréè Bàbá wà nìkan ló kù. Mo gbójú kúrò níbẹ̀.

Màámi ní, "Àlàó, kí ló ṣe abẹ́ páànù yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Màámi! Ṣé kí n máa da ọ́ìlì lé Bàbá lórí ni?"

"Bàbá rẹ ló kan páànù náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún mọ́tò tiwọn ṣe kó o tó gbọ́n. Àwọn fúnra wọn ló ní ká sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí àyè mọ́tò lè ṣẹ́ kù fún ẹ."

Mo yíjú sí abẹ́ páànù náà.

Látìgbà tá a ti sin Bàbá ni mo ti ń bínú sí àwọn tó gbẹ́ sàréè náà, pé wọ́n fi àárín sílẹ̀ lófo, wọ́n wá sún Bàbá mọ́ ògiri bí ẹrù tí kò ní àyè.

Mo ti wa ìjàpá síbẹ̀. Àyè náà gbà á régí. Mo kí Bàbá kí n tó wọ abẹ́ mọ́tò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin òbí sílé, ṣé ẹ̀yin á wa mọ́tò wọbẹ̀?